Ohun Tí Dókítà Sọ Nípa Orúnkún Bàbá Ẹ

Jókòó, ọmọ mi. Èmi ò lè jókòó ní tèmi, látàárọ̀ ni ara mi ò ti balẹ̀. Bàbá ẹ máa tó dé. Kó tó gun àtẹ̀gùn wá sókè, ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi.

Lánàá tí ò ń sunkún pé orúnkún ń dùn ọ́ tó o bá sáré, bàbá ẹ dì ọ́ mú, ó ní, "Fi eré sílẹ̀, ọmọ mi. Orúnkún tó bá ti ń dun olùsáré, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ẹ." O gbà, o sì kó bàtà eré ẹ fún mi pé kí n fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́.

Nígbà tó o ṣì kéré, bàbá ẹ ń bá ẹgbẹ́ wọn sáré láràárọ̀. Tó bá padà, ẹ̀rín wọn á ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, kò ní rí tèmi rò. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ń jowú obìnrin, èmi ń jowú títì. Ìwà òmùgọ̀ ni, mo mọ̀. Ìgbà tó yá, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, pàápàá tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó lọ ya fọ́tò eegun ẹ̀ lọ́sibítù. Ọjọ́ tí èsì jáde, iṣẹ́ ò jẹ́ kó lè lọ, ó ní kí n bá òun gbọ́ ọ.

Dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní, "Màdáámú, nǹkan kan ò fọ́, nǹkan kan ò já. Wọ́n kàn fi kún eré wọn lójijì, iṣan itan wọn ò sì tíì lágbára tó o. Kí wọ́n dín in kù, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jókòó pa. Kí wọ́n máa jókòó, kí wọ́n máa dìde lórí àga, kí itan àti ìbàdí lè le. Tí wọ́n bá ń sáré, kí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ kúkúrú. Ìrora díẹ̀ kì í ṣe ewu. Tó bá ń le sí i, tàbí tó bá wú, kí wọ́n padà wá." Mo ní mo ti gbọ́.

Mo yà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣerun. Ó ní, "Ṣebí o ní o fẹ́ ọkọ nílé? Orúnkún ti bá ẹ dá a dúró. Kí lo tún ń wá?" A jọ rẹ́rìn-ín.

Mo délé, mo fajú ro. Mo ní, "Wọ́n ní tó o bá tún sáré, o ò ní rìn mọ́." Wọ́n ní tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Tọmọ ni wọ́n rán mi, èmi fi tẹrú jẹ́ ẹ. Ọkọ mi jókòó sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Itan ẹ̀ ń tín-ín-rín, orúnkún ń dùn ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ìjókòó náà ló ń bà á jẹ́. Mo rí i, mo dákẹ́. Ìkà ni mí.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìyá ọmọ mi, ṣé ohun tí dókítà sọ gan-an nìyẹn? Ó ń ṣe mí bíi kí n gbìyànjú wò." Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Ò ń sùn lórí ẹsẹ̀ mi. Mo gbọ́wọ́ lé ọ lórí, mo ní, "Mo fi orí ọmọ yìí búra." Orí ẹ ni mo fi búra irọ́, ọmọ mi. Kò béèrè mọ́. Lánàá ló wá fi ìfẹ́ gbé irọ́ náà fún ẹ.

Bàtà ẹ nìyí, mi ò fi tọrẹ. Mo ti gba àyè fún ẹ̀yin méjèèjì lọ́dọ̀ dókítà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fetí ara yín gbọ́ ọ. Dárí jì mí. Tó ò bá sì lè dárí jì mí, ṣáà má torí irọ́ mi pa eré tì.

Ṣé o gbọ́? Òun ló ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn, ó ń di irin mú, ó ń sinmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ, tí mò ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lọ pàdé ẹ̀, di apá ẹ̀ mú, má jẹ́ kó kánjú. Tó bá wọlé, ìwọ má sọ nǹkan kan. Èmi ni màá sọ ọ́.