Olúwa Gbé Ọkọ Mi Dìde Lẹ́yìn Kànga Hílíọ́mù

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dúró níbí láàárọ̀ yìí, ọpẹ́ Rẹ̀ kò lè tán lẹ́nu mi. Ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi yìí, ó tóbi! Pásítọ̀ ti bẹ̀ mí pé kí n gé e kúrú. Mo gbọ́ sà.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé bàlúùnù àti nǹkan ìṣeré ọmọdé ni mò ń tà ní Bàrígà. Nígbà tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá, tí kálukú ń wá nǹkan tuntun ṣe, Bàbá Bùnmi, ọkọ mi, ti ibi iṣẹ́ awakọ̀ rẹ̀ ní Palmgrove dé, ojú ẹ̀ ń dán yanran. Ó ní kọ́ńpìnì kékeré kan ń wá gáàsì nínú ilẹ̀ lókè Ọya, àti hílíọ́mù, afẹ́fẹ́ tó ń mú bàlúùnù fò lọ sókè. Ó ní wọ́n ń ta ṣíà, ìpín nínú kọ́ńpìnì náà.

Mo wò ó. "Bàbá Bùnmi, afẹ́fẹ́ tí mò ń fi ẹnu fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yin fẹ́ lọ fowó wà á nínú ilẹ̀?"

Ó ní, "O ò kàwé ni." Òun náà, ìwé mẹ́fà ló kà!

Ó ra ṣíà. Kò tán síbẹ̀ o. Ó sọ fún ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ wa, ó sọ fún Màmá Ṣadé, opó tó ń ta búrẹ́dì ní Pedro, àwọn náà sì rà, torí wọ́n fọkàn tán an. Ká sòótọ́, kọ́ńpìnì yẹn kì í ṣe gbájúẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n gbẹ́, gbẹ́, gbẹ́. Omi ni wọ́n bá. Omi tútù! Wọ́n bá kógbá sílé. Mo gbọ́ pé àwọn ará abúlé yẹn ń pọnmi níbẹ̀ títí dòní. Owó wa ni wọ́n ń mu, kó ṣe wọ́n lóore.

Owó ti lọ, mo gbà. Ọkọ mi ni mi ò gbà kó lọ. Ìtìjú dá a dùbúlẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, kò jẹun, kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, torí kò fẹ́ fojú kan àwọn tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Mo bú u, kò fèsì. Ẹ gbọ́ o, mo bú ọkọ mi, kò fèsì! Ẹ̀rù bà mí. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Olúwa, mi ò bèèrè owó lọ́wọ́ Rẹ. Jẹ́ kí ọkùnrin yìí bá mi jà lẹ́ẹ̀kan sí i."

Lọ́sàn-án Sátidé, Màmá Ṣadé kanlẹ̀kùn. Mo ṣílẹ̀kùn, mo rò pé owó ni wọ́n bá wá. Wọ́n wọ yàrá lọ tààrà, wọ́n dúró lé ọkọ mi lórí.

"Bàbá Bùnmi, inú ń bí mi sí ọ."

Ọkọ mi ní, "Màmá, owó yín..."

"Ta ló ń sọ ti owó? Mo pàdánù, gbogbo àdúgbò ló wá kí mi kú àdánù. Ìwọ nìkan ni ò wá! Ṣé mi ò tó ẹni tí wọ́n ń kí ni?"

Ẹ̀yin ará, ọkọ mi dìde! Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì. "Ẹ kú àdánù, Mà."

"Ìwọ náà kú àdánù, ọmọ mi. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò."

Màmá sunkún, ọkọ mi sunkún, èmi tí mò ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà náà sunkún. Màmá gbé búrẹ́dì wá, mo sáré bu ọbẹ̀ sí i. Ọkọ mi tọ́ ọbẹ̀ wò, ó yíjú sí mi: "Ìyá Bùnmi, ṣé o fẹ́ fi iyọ̀ pa mí ni?"

Halelúyà! Àdúrà gbà! Mo jó yí tábìlì ká.

Ẹ wò ó níbi tó jókòó sí yẹn, tó ń ṣẹ́jú sí mi pé ó tó. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi gbé Jésù ga! Bàlúùnù tí mo so mọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn, kò sí hílíọ́mù nínú wọn, wọn ò lè fò. Bàbá Bùnmi ló fi ẹnu fẹ́ gbogbo wọn láàárọ̀ yìí. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ mú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ yín. Ẹ rọra dì í mú o. Èémí ọkọ mi ló wà nínú ẹ̀.