Ojú Mi Ló Wà Nínú Ẹ̀rọ Náà

Ẹ má wá ẹni tó dá bẹ́líìtì tó ń gbé bisikíìtì dúró. Èmi ni. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ lókè orí yín yìí, èmi tí ẹ ń pè ní Onítàn ni, láti inú yàrá gíláàsì. Mo ti ti ilẹ̀kùn láti inú. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó gòkè wá, nítorí òtítọ́ yìí kò lè sùn sí mi nínú mọ́. Wọ́n sọ fún yín pé Bàbá Ààrò ló ń jó bisikíìtì, ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Irọ́ ni. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́, mo sì fi orúkọ àgbà bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn tuntun wà láàárín yín, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí. Tẹ́lẹ̀, ojú wa la fi ń ṣa bisikíìtì. Èyí tó jó, èyí tó ṣẹ́, a ó jù ú sínú garawa. Ṣùgbọ́n ojú a máa rẹni. Bó bá ti di ọ̀sán, a ó ti máa da rere pọ̀ mọ́ búburú, à ń kó odidi páálí dànù nítorí ẹyọ mélòó kan. Kí ìdànù lè dínkù ni ọ̀gá fi ra kámẹ́rà ọlọ́gbọ́n yẹn, tí wọ́n gbé e kọ́ sókè bẹ́líìtì. Olójú-kan ni a sọ ọ́. Obìnrin tó ń lẹ páálí ní, "Ojú kan ṣoṣo, kì í sì í ṣẹ́jú. Ìyá ọkọ mi gan-an ló jọ!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Olójú-kan kò mọ nǹkan kan nígbà tó dé. Bí ọmọ tuntun ló rí. Ẹnjiníà tó gbé e wá ní kí n kọ́ ọ, torí wọ́n ti sọ fún un pé mo mọ̀wé. Ìwé wo? Ìwé ìtàn tí mo yá kà ni gbogbo ìwé tí mo mọ̀. Ó fi mí jókòó sídìí kọ̀ǹpútà níbí, ó ní, "Àǹtí, àwòrán bisikíìtì á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá dáa, ẹ tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé. Tí ò bá dáa, ẹ tẹ pupa. Ohun tí ẹ bá pè é lòun náà á máa pè é. Ẹ fara balẹ̀ o."

N ò fara balẹ̀. Ìwé kan wà lórí itan mi, apá kìíní ìtàn ọmọbìnrin kan tí wọ́n tì mọ́ ilé etí òkun. Bàbá Ààrò tó ń tọ́jú iná ló yá mi, bí wọ́n ti ń yá mi gbogbo èyí tí mo ti kà. Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnnì, ọkàn mi wà létí òkun. Kí n má baà máa gbójú sókè jù, mo gba ọ̀nà àbùjá: gbogbo èyí tí etí rẹ̀ bá ti pọ́n, mo tẹ pupa, ó parí. Mo sì mọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀ dájú pé bí Bàbá Ààrò ṣe ń yan án nìyẹn. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé, "Onítàn mi, etí ni adùn wà. Bisikíìtì tí etí rẹ̀ bá funfun, ìyẹ̀fun tó wọṣọ lásán ni."

Ọjọ́ tí Olójú-kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ rí i. Ó ń fi atẹ́gùn fẹ́ bisikíìtì dáadáa kúrò lórí bẹ́líìtì bí ẹni ń lé eṣinṣin. Garawa kún, a wá òmíràn. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà nítorí ìdànù wá ń dà nù ju àwa lọ. Ẹnjiníà gòkè wá, ó bi mí: "Àǹtí, ṣé ẹ wò ó dáadáa?" Mo ní, "Ojú mi ò kúrò níbẹ̀." Gbólóhùn yẹn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Bí mo bá yí ẹ̀kọ́ náà padà, kọ̀ǹpútà á fi hàn pé mò ń ta ko ara mi. Bí n kò bá yí i, oúnjẹ á máa ṣòfò. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Ẹ ń rí mi nínú gíláàsì, ẹ ń juwọ́ sí mi. Mò ń rẹ́rìn-ín sí yín, mo sì ń rì.

Ọ̀gá ní iná ló pọ̀ jù. Bàbá Ààrò dín in kù, bisikíìtì rọ̀ sínú páálí. Bàbá dá iná padà sí bó ṣe wà, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ yẹn ò léyín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó léyín tọ́ ọ wò." Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá pe àwa méjèèjì sí ọ́fíìsì. Àwo bisikíìtì wà lórí tábìlì. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. "Ẹ bi ọmọ mi. Òun ló kọ́ ẹ̀rọ, ó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ohun tó bá sọ ni mo fara mọ́." Ọ̀gá yíjú sí mi: "Ó jó àbí kò jó?" Òórùn rẹ̀ ń dùn débi pé itọ́ sun ní ẹnu mi. Ẹnu yẹn kan náà ni mo fi sọ pé, "Ó jó, sà."

Bàbá ò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Wọ́n mú bisikíìtì kan, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà. Wọ́n ní, "Ojú mi ló ti ń lọ nìyẹn. N ò mọ̀ pé ó ti tó báyìí." Wọ́n gbé ìbọ̀wọ́ iná wọn sórí tábìlì, wọ́n jáde.

Lánàá, ìyàwó wọn wá bá mi lẹ́nu géètì. Wọ́n mú apá kejì ìwé náà wá. "Bàbá ní ìwọ ò tíì mọ̀ bóyá ọmọbìnrin yẹn jáde. Wọn ò kàwé mọ́, ọmọ mi, wọ́n ní ojú àwọn ti bàjẹ́. Iná ìdáná pàápàá wọn ò jẹ́ tàn án, wọ́n ní kí àwọn má baà jólé." Mo gba ìwé náà. N kò lè sọ pé ojú wọn ò ṣe nǹkan kan.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá láàárọ̀ yìí. Ọ̀gá rọra ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Mo ti sọ fún àwọn tó wà lókè pé ààrò ló fà á. Lọ́la ni wọ́n ń da ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ yìí kọ sínú ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ wa yòókù. Tóo bá lanu, èmi àtìẹ la jọ ń lọlé. Padà sáyè ẹ." Mo padà. Mo jókòó. Mo wá ronú pé lọ́la, ojú mi tí kò wo nǹkan kan yóò máa ṣọ́ ààrò àwọn tí n kò mọ̀ rí, ohun tó ṣe Bàbá Ààrò yóò sì dé bá wọn. Ìgbà náà ni mo ti ilẹ̀kùn, tí mo fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn yìí mọ́ra.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà nísàlẹ̀, bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́ ẹ̀rọ, ẹ wo nǹkan náà kí ẹ tó dáhùn. Bí ẹ bá sì ti ṣì í, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ àṣìṣe, kó tó di irọ́.

Mo rí ọ̀gá lórí àtẹ̀gùn. Ẹ gbọ́, kí ẹnì kan yín mú bisikíìtì elétí pípọ́n kan nínú garawa, kó sáré gbé e lọ fún Bàbá Ààrò. Ẹ ní kí wọ́n tọ́ ọ wò. Ẹ sọ fún wọn pé kò jó. Ẹ sọ fún wọn pé ojú wọn ò bàjẹ́, ojú tèmi ló bàjẹ́. Bí wọ́n bá béèrè mi, ẹ ní n kò tíì ṣí apá kejì. N kò ní ṣí i, àfi bí wọ́n bá foríjì mí, tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ fún mi bóyá ọmọbìnrin náà jáde.

Wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn. Mò ń lọ ṣí i.