Obìnrin Tí Mo Gé Kúrò Nínú Fíìmù

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti bí ọdún mélòó kan. Fíìmù tuntun tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ láìpẹ́ yìí ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mì mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bú mi, ẹ gbọ́ mi tán.

Èmi ni mò ń wa mọ́tò sinimá ìjọba láti Òṣogbo lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, èmi náà ni mò ń yí ẹ̀rọ rẹ̀. A ní fíìmù kan lórí iṣẹ́ kòkó, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Nínú rẹ̀, obìnrin kan ń fọ́ kòkó, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ wa ti ha fíìmù náà débi pé ìlà dúdú ń ṣàn wálẹ̀ lójú gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ní Ìbòkun, Ṣadé, ìyàwó tíṣà, fò dìde láàárín èrò. "Yèyé mi rèé o! Ẹ wo pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀!"

Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì ya fọ́tò rí. Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí a bá ta aṣọ funfun tí a fi ń wo sinimá sí, títí dé Iléṣà, Ṣadé á wá. Á ní kí n dá fíìmù náà padà sẹ́yìn kí òun tún rí ìyá òun. Bí mo bá kọ̀, á pè mí ní ọ̀dájú níṣojú gbogbo ayé. Mo kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra ohùn rẹ̀ pàápàá.

Ni mo bá mú àlùmọ́gàjí, mo gé obìnrin oníkòkó náà kúrò, mo lẹ ìyókù pọ̀. Nígbà tí Ṣadé tún pariwo pé ìyá òun dà, mo ní, "Ìyáàfin, kò sí obìnrin kankan níbẹ̀ rí. Ẹ lọ tọ́jú orí yín." Wọ́n hó lé e lórí. Àwọn tó ti rí obìnrin náà tẹ́lẹ̀ dákẹ́, torí ariwo Ṣadé ti sú àwọn náà.

Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ní orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n mú un lọ sí ilé àdúrà, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní purọ́ fún yín: inú mi dùn nígbà náà.

Wàyí o, wọ́n fi ẹ̀dà tuntun fíìmù náà ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Mo wò ó lára ògiri yàrá mi ní Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo. Ó mọ́ kedere. Obìnrin náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, kò ní pélé kankan. Ẹ̀rọ mi ló fi ìlà dúdú rẹ̀ kọ ọ́ fún un.

Mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́ fún ọkọ rẹ̀ pé ojú Ṣadé kò tàn án, obìnrin wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èyí tí mo gé ṣì wà nínú agolo mílíkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ṣùgbọ́n bí Ṣadé bá ní kí n fi ìyá òun han òun ńkọ́? Bí mo bá fi tuntun hàn án, mo tún gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá fi ògbólógbòó inú agolo hàn án, mo tún purọ́ fún un.

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kó dá mi lóhùn pẹ̀lú: èwo ni kí n mú dání lọ?