Èmi Ni Mo Ní Kí Wọ́n Rẹ́ Ògiri Náà

Ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde. Àáfà ti ṣe àdúà fún òkú Màámi, ẹ ti ṣe àmín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun, n kò lè gbé e mì mọ́. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn mí tán pé èmi Kúbúrátù ni ọmọ tó tọ́jú ìyá rẹ̀ dójú ikú. Òtítọ́ tó wà lábẹ́ ìyìn yẹn gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tán tó fẹ́ tutọ́ sí mi lára, kó tu ú. Mutmainah, àbúrò mi, jókòó. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ọ lórí ìdúró.

Kí n tó sọ ti ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Màámi fi gbé nínú yàrá tí mo rẹ́ǹtì lẹ́yìn ọjà ẹja ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Èmi ni mò ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀, èmi ni mò ń fi òróró ra orúnkún rẹ̀, ẹja tí mò ń yan ló ń bọ́ àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wọlé, Mutmainah ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀: “Ọmọ mi tó wà ní Ìkòròdú, tó jẹ́ ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ńlá.” Kì í pe orúkọ mi lójú àlejò àfi tó bá fẹ́ kí n gbé omi wá. Mutmainah á dé ní Sátidé pẹ̀lú búrẹ́dì, Màámi á gbé búrẹ́dì lé itan bí ọmọ tuntun. Èmi á rẹ́rìn-ín, inú mi á sì máa hó bí ìkòkò tí wọ́n dé pa. Àbúrò tí mo pọ̀n lẹ́yìn ni mò ń jowú, ẹ gbà mí o.

Ọjọ́ kan ló wá, ó ní, “Àǹtí mi, mo ti rí ilé kan létí ọ̀sà níbí. Ilé àtijọ́ ni, bíríkì pupa. Mo fẹ́ rà á kí Màámi lè máa gbé ibẹ̀. Iṣẹ́ ò ní jẹ́ kí n ráyè wá láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ bá mi wá bíríkìlà tó mọṣẹ́, kó yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó.” Màámi fò dìde, ó gbàgbé orúnkún tó ń dùn ún, ó ń jó. “Kúbúrá, ṣé o gbọ́? Ọmọ mi fẹ́ ra ilé fún mi!” Ọmọ mi! Bí ẹni pé èmi ṣe ayálégbé nínú ikùn rẹ̀ ni.

Mo mú Festus ará Ejinrin lọ wo ilé náà. Ó fi ìṣó ha àárín bíríkì méjì lára ògiri ẹ̀yìn, ohun tó ń dà jáde dà bíi gàrí. Ó ní, “Àǹtí, ilé yìí ṣe é rà. Bíríkì rẹ̀ dáa. Ohun tí wọ́n fi so bíríkì pọ̀ ló ti kú. Ògiri tó kọjú sí ọ̀sà yìí ló burú jù, kò sí ohun tó dì í mú mọ́. Ẹ ní kí àbúrò yín ní kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù, kó fi tún un ṣe. A máa ha èyí tó ti kú kúrò díẹ̀díẹ̀, a ó ki tuntun sí i kí òjò tó dé. Kí ẹnikẹ́ni má sùn sí yàrá ẹ̀yìn kó tó dìgbà yẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kàn rẹ́ ẹ lójú o! Omi á há sínú, ojú ò sì ní rí àléébù rẹ̀ mọ́.” Mo ní mo ti gbọ́.

Mo pe Mutmainah lórí fóònù. Mo ní, “Festus ní ilé náà le bí àpáta. Ó ní kí wọ́n kàn rẹ́ ògiri ẹ̀yìn, kí wọ́n kùn ún lọ́dà.” Ó ní, “Ẹ ṣé, Àǹtí mi. Kí ni mi ò bá ṣe láìsí yín?” Mo sọ fún ara mi pé ògiri á kàn sán ni, Màámi á rí i pé ọmọ tó fi ń yangàn ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Irọ́ tí mo pa fún ara mi nìyẹn. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má sùn síbẹ̀.

Mutmainah sanwó ilé, ó kó òṣìṣẹ́ wá láti Ìkòròdú, wọ́n rẹ́ ògiri náà, ó ń dán. Festus ń kọjá lọ, ó yà sọ́dọ̀ mi. “Àǹtí, ta ló ṣe báyẹn? Ṣé ẹ jíṣẹ́ mi?” Mo ní, “Mo jẹ́ ẹ. Wọ́n ní àṣejù ni tìrẹ.” Ó mi orí, ó lọ.

Lọ́jọ́ tí Màámi kó wọlé, yàrá ẹ̀yìn ló mú nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà. Ó ní, “Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì mi sún mọ́ ògiri. Kúbúrá, ràn wọ́n lọ́wọ́.” Ọwọ́ mi yìí ló gbé e. Mo la ẹnu kí n sọ̀rọ̀, Màámi bá ní, “Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní ọmọ tó máa ra ilé fún ọ, bí Mutmainah ṣe ṣe fún mi.” Mo pa ẹnu mi dé, mo ti bẹ́ẹ̀dì náà mọ́ ògiri gbágbágbá.

Ẹ mọ ìyókù. Òjò rọ̀ títí, lọ́sàn-án tí Màámi ń rẹjú ni ògiri wó lé e lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn mọ́. Èyí tẹ́ ẹ ò mọ̀ nìyí: nígbà tí wọ́n gbé e kúrò ní ọsibítù padà sí yàrá mi, tí mò ń tẹ́ ẹní fún un, mo rí i pé inú mi dùn. Mo ti gba ìyá mi padà. Irú ènìyàn wo ni mí?

Mutmainah fa Festus láṣọ lójú gbogbo ayé. Festus yíjú sí mi: “Àǹtí Kúbúrá, ẹ wò mí lójú. Kí ni mo ní kẹ́ ẹ sọ fún wọn?” Mo pè é ní òpùrọ́. Mo gbé ọwọ́ lé Kùránì, mo búra pé ó ní kí wọ́n rẹ́ ẹ ni. Kò pariwo. Ó ní, “Ó dáa, Àǹtí. Ọlọ́run ń gbọ́ nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀.” Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbéṣẹ́ fún un ní Ẹ̀pẹ́ mọ́. Mo gbọ́ pé ẹrù ló ń rù báyìí níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ wà ní Ìkòròdú.

Màámi wá ń pe orúkọ mi lójú àlejò. “Kúbúrá nìkan ni mo ní,” ohun tó ń sọ nìyẹn, Mutmainah á sì wà níbẹ̀, á dorí kodò. Ọ̀rọ̀ tí mo fi gbogbo ayé mi wá ni, nígbà tí mo rí i, ó korò lẹ́nu mi bí ewúro. Màámi kú, kò mọ̀. Lónìí ni Mutmainah wá kúnlẹ̀ níwájú yín, ó ní òun ti tún ògiri náà mọ, òun fi ilé náà ta mí lọ́rẹ, torí mo tọ́jú ìyá wa. Mo rò ó kí n gbà á. Mo rò ó gan-an! Ìgbà náà ni ẹ̀rù ara mi bà mí.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ṣì kéré, owú kì í pariwo bó bá ń wọlé. Ẹni tó bá ń jowú ọmọ ìyá rẹ̀, kó wí i síta nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kó má dúró dìgbà tí yóò di ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Mutmainah, n kò ní kó o dárí jì mí lónìí. Mo ń lọ sí Ìkòròdú lọ́la, kí n kúnlẹ̀ fún Festus lójú àwọn tí wọ́n jọ ń ru ẹrù, kí n sì sọ fún gbogbo wọn pé kì í ṣe òun. Bá mi lọ. Bó o bá sì ní o ò fẹ́ bá mi wọ mọ́tò kan náà mọ́, màá dá lọ.