Ta Ló Fa Ta Gun Òkè Márùn-ún?

Ẹ má bẹ̀ mí o, Àǹtí mi, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí rárá! Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi rọ̀ nínú omi gbígbóná yìí ná, torí bí ẹ bá tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i pé ọkọ yín ò mọ̀ọ́mọ̀, màá da gbogbo abọ́ yìí sí àárín kíláàsì, kí àwọn tó yá wa ní ilé ìwé wọn sùn wá bá wa níbi tí a ti ń lúwẹ̀ẹ́! Kò mọ̀ọ́mọ̀ kẹ̀? Ẹni tó fọwọ́ méjèèjì gba makirofóònù, tó kọ́kọ́ tún kọ́là ṣe, tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó bẹ̀rẹ̀? Ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀ kì í wúkọ́!

Ó ní òun ló fà mí. Ẹ tún un gbọ́. Òun ló fà mí gun òkè márùn-ún bí ẹni ń fa ewúrẹ́ wọ inú òjò, pé bí kì í bá ṣe tèmi ni, à bá ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yá ju báyìí lọ. Èrò sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Àǹtí mi! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ni, itọ́ ti gbẹ lẹ́nu mi, iyọ̀ òógùn ti fa ìlà sí mi lójú, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wá ń fọwọ́ tù mí lẹ́yìn, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ó kúkú fà ọ́ dé."

Ìyẹn ò tíì dùn mí tó ti Màámi. Màámi tó wà nílé, tí wọ́n gbé etí lé rédíò, ni wọ́n pè mí lórí fóònù, mo rò pé wọ́n fẹ́ kí mi kú iṣẹ́ ni. Wọ́n ní kí n lọ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, pé kì í ṣe gbogbo àna ló ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àbúrò ìyàwó. Kí n kúnlẹ̀! Orúnkún wo ni kí n fi kúnlẹ̀? Ṣé èyí tó gbé ènìyàn méjì gun òkè láti àárọ̀?

Kí lẹ wí? Pé mò ń pe ọkọ yín ní "ó"? Ẹ má bínú. "Wọ́n" tó wà lẹ́nu mi ti tán lórí òkè kẹta. Bí inú mi bá rọ̀ lọ́la, màá tún máa pè é ní "wọ́n." Lónìí, "ó" ni, kí ẹ tiẹ̀ máa dúpẹ́ pé mi ò pè é ní nǹkan tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ rántí o, ẹ̀yin lẹ bẹ̀ mí nígbà tí ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́fà yìí ń bọ̀. Ẹ ní kí n bá a forúkọ sílẹ̀ ní ti ẹni méjì-méjì, torí ó ti ra kẹ̀kẹ́ olówó ńlá, kò sì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kankan tó gbà láti bá a lọ. Mi ò sì bi yín ìdí tí wọn ò fi gbà! Èmi tí mo ti ń fi kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà láti ọdún mọ́kànlá, lójò lẹ́ẹ̀rùn, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí gíà kí òkè tó bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn wa ò sì le: òpó iná mẹ́wàá ni èmi máa fi wà níwájú, mẹ́wàá ni òun náà máa fi wà níwájú, torí ẹni tó bá wà níwájú ló ń fi àyà gba atẹ́gùn, ẹni tó wà lẹ́yìn á máa jayé. Ọmọdé tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ó ṣe é, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ilẹ̀ tẹ́jú nígbà yẹn. Lónìí tó jẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ọjọ́ òkè, ọgọ́jọ kìlómítà gbáko, a ò tíì gun òkè àkọ́kọ́ dé ìdajì tó fi kígbe orúnkún. "Àbúrò, orúnkún mi o! Máa lọ níwájú ná, màá gbà á tó bá yá." Apòògùn! Ẹni tó ń ta oògùn orúnkún fún gbogbo àdúgbò! Mo bi í pé ṣé kò mú ọ̀kan dání ni, ó ní èyí tí òun ń tà, òun mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ìyẹn ló ń bí mi nínú jù. Mo ka òpó mẹ́wàá, mo ka ogún, mo ka ọgọ́rùn-ún, mo fi kíkà sílẹ̀. Atẹ́gùn ń gbá mi láyà bí ẹni ń lé mi kúrò nílé rẹ̀, síbẹ̀ mò ń bojú wẹ̀yìn, mò ń bi í pé ṣé kò le jù. Òkè kejì, orúnkún. Òkè kẹta, oòrùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, òjìji wa méjèèjì ń bá wa lọ lára ògiri kan tó wà lọ́wọ́ òsì, ni mo bá ṣèèṣì wo òjìji ọkọ yín. Àǹtí mi, òjìji náà dìde dúró lórí kẹ̀kẹ́! Orúnkún tó ń dun ènìyàn, ṣé ó máa ń dìde dúró gun òkè ni? Ó tún gbọ́wọ́ sẹ́nu, ó ń jẹ nǹkan. Mo ní ojú mi ló ń ṣe mí, òùngbẹ ni.

Ẹ ṣáà rí mi láàárọ̀ nígbà tí mo jókòó sídìí tábìlì yẹn, tí mo mú bírò, tí mò ń kọ nọ́ńbà sára ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mi márààrún. Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ní iṣẹ́ lẹ́tà ti bà mí lórí jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ohun tí mi ò bá kọ nọ́ńbà sí, mi ò mọ ibi tí mò ń gbé e lọ. Òkè kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, kí ebi má baà ká mi mọ́nà. Mo kó wọn sí àpò ẹ̀yìn aṣọ mi. Mo jẹ ti òkè kìn-ín-ní, mo jẹ ti èkejì. Nígbà tí mo máa nawọ́ sẹ́yìn lórí òkè kẹta, àpò ti ṣófo. Mo rò pé wọ́n já bọ́ nígbà tí a ń sáré sọ̀kalẹ̀ ni, mo bú ara mi, mo pe ara mi ní ọ̀lẹ aláìlétò. Nígbà tó fi máa di òkè kẹrin, ebi mú mi débi pé ọ̀nà ń di méjì lójú mi, mò ń gun òkè, mò ń sunkún, mi ò sì mọ̀ pé mò ń sunkún. Ọkọ yín wà lẹ́yìn mi. Ó ní, "Má wo òkè, Àbúrò, ìwọ ṣáà máa wo táyà rẹ." Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ó fata sẹ́nu!

Ìgbà tí òkè karùn-ún wá ku díẹ̀ kó parí, tí a ti ń gbọ́ ariwo èrò, tí àwọn oníkámẹ́rà ti yọ, bẹ́ẹ̀ ni orúnkún san. Iṣẹ́ ìyanu! Ó yọ sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lè wò mí lójú, ó kọjá. Ó ń súfèé, Àǹtí mi, ó ń súfèé! Kí sì ni kíkọjá náà wà fún? Ẹni tó bá dé kẹ́yìn nínú àwa méjèèjì ni wọ́n fi ń ka àsìkò wa, òun náà mọ̀ ọ́n. Ì báà ti dé láti àná, bí mi ò bá tíì dé, òun náà ò tíì dé nìyẹn. Ó kàn fẹ́ débi makirofóònù ṣáájú mi ni.

Ó dáa náà. Òfin yẹn ni màá fi mú un. Lọ́la ni àṣekágbá, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré la sì fi wà níwájú àwọn tó tẹ̀ lé wa. Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Mo lè fi ìyẹn so okùn bàtà. Màá gùn ún lọ́la bí ìgbà tí mo bá ń pín lẹ́tà: màá dúró lẹ́nu gbogbo géètì, màá kí ajá, màá bi ìyá arúgbó léèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ife ẹ̀yẹ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú gbogbo ayé!

Ẹ má sọ fún mi pé èmi náà máa pàdánù. Ṣé mi ò mọ̀ ni? Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí ife yẹn. Ọ̀gá mi ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní kí ni obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, àfi kó lọ yá oòrùn. Mo ti fojú wọn ibi tí màá gbé e kà lórí káńtà, iwájú ọ̀gá gan-an, níbi tí á ti máa rí i tó bá ń jẹun ọ̀sán. Mo fẹ́ ẹ, Àǹtí mi, mi ò lè purọ́. Ẹ wá wo ibi tí ọkọ yín bá mi dé, pé kí n jókòó síbí kí n máa ro bí màá ṣe gbé ohun tí mo fẹ́ jù láyé sọ nù.

Mo purọ́ mọ́ ọn? Ẹ ní òjìji lásán ni mo rí, pé ọkọ yín ò lè fọwọ́ kan nǹkan oníǹkan? Kì í ṣe aṣọ rẹ̀ lẹ dì mú yẹn, tí ẹ fẹ́ fọ̀? Ẹ yí àpò ẹ̀yìn rẹ̀ síta kí ẹ tó rì í bọ omi. Ṣebí wọ́n kìlọ̀ fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ẹni tó bá da ìdọ̀tí sójú ọ̀nà, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n máa fi kún àsìkò rẹ̀? Bó bá jẹ nǹkan, kò lè ju èèpo nù. Ẹ ṣáà yí i síta.

Kí nìyẹn? Ẹ gbé e wá síbi iná. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀! Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ fọwọ́ nù ún. Kí ni wọ́n kọ sí i? Ẹ kà á sókè. Mẹ́ta. Òmíràn ńkọ́? Mẹ́rin. Èyí tó kù? Háà! Háà, ayé o! Mò ń gba atẹ́gùn fún un, ó ń yọ oúnjẹ lápò ẹ̀yìn mi! Ó ń wò mí bí mo ṣe ń kú lọ níwájú rẹ̀, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi! Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun! Kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀... rárá, ọkọ yín ni, mi ò ní ṣépè. Kí inú rẹ̀ ṣáà máa kùn títí ilẹ̀ á fi mọ́!

Àǹtí mi. Kí lẹ wí? Mi ò gbọ́, ẹ tún un sọ.

Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ ti wà nílé rẹ̀. Hẹ̀n. Mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn yẹn láàárọ̀, ẹ̀yin lẹ ń dúró gbọ́ àròyé gbogbo aláìsàn, ẹ̀yin lẹ ń tì í lálẹ́, bí àlejò bá wá wọlé, á ní òun lòun ń gbé yín ró. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo kàn ń dákẹ́ ni, mo ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín nu ojú, ẹ má sunkún sórí aṣọ rẹ̀, kò tó bẹ́ẹ̀.

Ó tó. Mo ti yí ọkàn padà. Mi ò ní rìn jẹ́jẹ́ lọ́la, mi ò ní fi ife mi san gbèsè ìwà rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni màá ti jẹ́ kó mọ ẹsẹ̀ tó ń gbé e. Mi ò ní ka òpó, mi ò ní bojú wẹ̀yìn. Bó bá lè bá mi dọ́gba, kó bá mi dọ́gba. Bí kò bá lè ṣe é, kó lọ fi àyà ara rẹ̀ pàdé atẹ́gùn. Màá dé ibi ìlà ìparí, màá jẹ́ kó ku ìgbésẹ̀ kan, màá fẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, màá dúró. Bí wọ́n bá gbé makirofóònù bọ̀ mí lẹ́nu pé kí ni mò ń dúró dè, màá ní ẹni tó fà mí ni. Gbogbo èrò á yíjú sójú ọ̀nà, Màámi á gbọ́ ọ lórí rédíò, wọn á jọ máa retí rẹ̀ bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́rin bá tó o, a gba ife. Bí kò bá tó o, kí wọ́n lọ bi òun.

Ta ló ń pariwo yẹn? Òun ni? Kí ló ń wá? Ìbọ̀sẹ̀ tó máa wọ̀ lọ́la, pé níbo lẹ kó o sí? Ẹ jókòó, Àǹtí mi. Ṣé kò ní ojú ni? Ẹ má dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kó... Yéè! Kí lẹ sọ fún un yẹn? Pé kí ẹni tó ń gbé yín ró lọ wá ìbọ̀sẹ̀ ara rẹ̀? Àǹtí mi! Ẹnu yín kọ́ nìyẹn! Háháhá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, ẹ dìde dúró kí ẹ tún un sọ, kí àwọn tó wà ní kíláàsì kejì náà gbọ́!