Ta Ni Yóò Fa Sìdí Lé Ọkọ Lọ́wọ́?

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ bàbá mi ti sú mi pátápátá. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n wà nínú pálọ̀ mi ní Peckham, ẹsẹ̀ wọn wà lórí tábìlì, wọ́n ń pariwo pé tíì tí mo gbé fún wọn kò dùn tó. Àbúrò mi obìnrin kò fẹ́ rí mi sójú. Àbúrò mi ọkùnrin ní èmi ni mo ba gbogbo nǹkan jẹ́. Kí ni mo tiẹ̀ ṣe fún wọn gan-an?

Àwa mẹ́ta ni Mummy bí. Èmi ni àkọ́bí, Ràsákì ló tẹ̀lé mi, Sìdí ni àbígbẹ̀yìn. Ẹ̀yìn Mummy ni Sìdí ṣì wà nígbà tí Daddy kúrò ní London níbí, tí wọ́n ní àwọn ń lọ sìnkú ìyá àwọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òkú wo ni wọ́n ń sin láti ìgbà náà? Nígbà tó yá la gbọ́ pé wọ́n ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, wọ́n ti ń gbé ní Abẹ́òkúta. Uncle wa tó wà ní Deptford, àbúrò Daddy gan-an, ló ń wá sí ìpàdé àwọn òbí níléèwé wa. Àwọn ló kọ́ Sìdí ní kéwú, àwọn náà ló dúró tì wá nígbà tí Mummy kú.

Àfi bí Ràsákì ṣe lọ gbé Daddy ní pápákọ̀ òfuurufú lọ́dún yìí láìsọ fún ẹnikẹ́ni! Ó ní ara wọn kò yá, pé bàbá wa ṣáà ni. Mo ní ó dáa, kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun kò gbà. Ẹ gbọ́ nǹkan! Bí wọ́n ṣe di ẹrù tèmi nìyẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe bí onílé: ọbẹ̀ mi níyọ̀ jù, aṣọ mi kúrú. Lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń sọ fún àwọn àgbààgbà bí àwọn ṣe jìyà kí àwọn tó tọ́ ọmọ mẹ́ta yanjú ní London, pé àwọn náà ni àwọn máa fa Sìdí lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ tí wọ́n bá ń so yìgì. Bẹ́ẹ̀, Sìdí ti ní kí Uncle ṣe é.

Nígbà tí Sìdí gbọ́, ó wá sílé mi lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Ràsákì wà níbẹ̀, ó ń wàásù fún un pé bí bàbá bá wà láàyè, bàbá ló ni ẹ̀tọ́. Sìdí kọjá lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú Daddy.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe?"

Daddy rẹ́rìn-ín. "Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé ọmọ mi kọ́ ni ọ́ ni?"

"Ọmọ yín ni mí, sir. Iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe?"

Wọ́n yíjú sí mi, ojú wọn ń bẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ̀rọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀! Ṣùgbọ́n ojú tì mí fún arúgbó náà. "Nọ́ọ̀sì ni, Daddy."

"Ẹn-ẹ́n, nọ́ọ̀sì!" Bíi pé àwọn ló rántí!

Sìdí dìde. "Sister mi, ẹ̀yin náà?" Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde.

Láàárọ̀ yìí, Uncle pè mí pé àwọn ti yọwọ́, àwọn kò fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n àwọn jà. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, Daddy ní kí n bá àwọn lọ agbádá tí àwọn máa wọ̀ lọ síbi yìgì lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní, "Daddy, tí ẹ bá máa lọ, àga àlejò lẹ máa jókòó lé. Uncle ló máa fa Sìdí." Wọ́n pe Ràsákì pé mo bú àwọn. Kí wọ́n máa pè é! Mo pe Uncle padà, mo sọ fún wọn pé ipò wọn ṣì wà níbẹ̀.

Sìdí nìkan ló kù. Mo ti lọ bá a nílé rẹ̀ ní Stockwell. Ó gbọ́ ohùn mi, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò ṣí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ àbúrò yín rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ tó fi ṣílẹ̀kùn fún yín?