Bíréèkì Tí Mi Ò Jẹ́ Kó Yẹ̀ Wò

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti gbé e pa mọ́. Baba àwọn ọmọ mi pàápàá kò mọ̀. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé wọ́n ti bi mí, mo sì purọ́.

Ìdílé alfa láti Ìlọrin ni mo fẹ́ sí, ní àdúgbò Zongo, nílùú Niamey níbí, lórílẹ̀-èdè Niger. Sulu, àbúrò ọkọ mi, ra alùpùpù tuntun lọ́dún kejì tí mo wọlé. Ó wù mí láti mọ̀ ọ́n gùn. Nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ kírun Jímọ̀, mo tì í jáde. Mi ò tíì lọ jìnnà tí mo fi ṣubú sórí òkúta. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbèrò ibi. Mo gbé e dìde, mo nù ún. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé òkúta ti gé wáyà bíréèkì iwájú. Okùn tín-ín-rín mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Mo dá a padà sáàyè rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn alfa wá ṣe àdúà sí alùpùpù náà, a sì pín mọ́sà. Bí ìyàwó ilé bá dìde lẹ́yìn irú àdúà bẹ́ẹ̀, tó ní bíréèkì máa já, wọn á ní ó gbé ẹnu burúkú lé nǹkan tuntun. Mo dákẹ́.

Sulu kì í gun nǹkan láì yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí àwọn àlejò lọ, tó ku àwa méjì lágbàlá, ó dé akoto, ó tẹ táyà wò, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbi wáyà yẹn. Èmi tí kì í ṣẹ̀fẹ̀, mo ṣẹ̀fẹ̀:

"Ọkọ mi, gbogbo alfa Zongo ti ṣe àdúà sí i, ẹ tún ń yẹ̀ ẹ́ wò! Àbí tiwọn ò tó yín?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ẹnu rẹ yìí!" Ó dìde, ó lọ.

Lọ́nà àdúgbò Dar es Salam, ní Niamey níbí, ọkọ̀ ìpolongo ìbò kan yọ sí i lójijì. Wáyà já. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò tọ́ mọ́ títí dòní, kò sì rántí nǹkan kan nípa àárọ̀ yẹn.

Rúkà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ agbẹ̀bí níbi tó jìnnà sílé. Ó nílò alùpùpù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sulu wá bá mi.

"Ìyàwó, ìwọ lo wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Ṣé mo yẹ bíréèkì wò àbí mi ò yẹ̀ ẹ́ wò? Bí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò tó tún já, a jẹ́ pé yíyẹ̀ ẹ́ wò ò gbani. Rúkà ò ní í gun alùpùpù láéláé. Bí mi ò bá sì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀bi tèmi ni, ó lè máa gùn ún."

Mo ní mi ò rántí. Ó ní kí n lọ rò ó dáadáa, òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi jù. Bí mo bá ní ó yẹ̀ ẹ́ wò, mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Bí mo bá ní kò yẹ̀ ẹ́ wò, mo tún di ẹ̀bi mi lé e lórí. Bí mo bá sì sọ òótọ́, mi ò mọ̀ bóyá wọn á jẹ́ kí n sùn nílé yìí mọ́. Kí ni kí n sọ fún un? Alàmísì la wà yìí, ọ̀la ló ń bọ̀.